Bíìlì Tẹ́nẹ́mẹ́ǹtì Ní Ìgbèríko Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ: Owó Náà Tọ́, Ìwé Náà Ló Kù

Bíìlì owó-orí ilé tí káńsù ń fi ránṣẹ́ sí onílé ní ìgbèríko Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ kì í sábà ju ojú-ewé kan lọ. Ojú-ewé kan yẹn la fẹ́ yẹ̀ wò níbí, àti iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀: kíka ilé, wíwọn ilé, dídíyelé e, gbígba owó, àti gbígbọ́ tẹnu ẹni tí iye tí wọ́n kọ fún kò tẹ́ lọ́rùn. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe, owó la sì ń san lórí rẹ̀, nítorí náà ó yẹ ká lè sọ ibi tó ti dáa àti ibi tó kù sí. Èrò wa kò fara sin. Owó náà tọ́ láti san, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n fi ń béèrè rẹ̀ kò tíì pé. Iye ìkẹyìn nìkan ló máa ń hàn gbangba lórí rẹ̀. Àwọn nọ́ńbà tó bí iye yẹn kì í sí níbẹ̀, tàbí kí wọ́n kọ ọ́ lọ́nà tí onílé kò fi ní lóye rẹ̀. Ẹni tí kò bá rí nọ́ńbà wọ̀nyẹn kò lè mọ̀ bóyá ìṣirò náà gún tàbí kò gún.

Orúkọ ló kọ́kọ́ ń dá rúdurùdu sílẹ̀. Tí a bá ní "owó-orí", orí ẹni là ń rò, owó tí òṣìṣẹ́ ń san lórí ohun tó ń wọlé fún un. Tí a bá ní "owó ilé", rẹ́ǹtì tí ayálégbé ń kó fún onílé ni. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi gba orúkọ òyìnbó rẹ̀ mọ́ra, tí wọ́n ń pè é ní tẹ́nẹ́mẹ́ǹtì. Owó tí káńsù ń gbà lórí ilé fúnra rẹ̀ ni, ẹni yòówù kó máa sùn nínú ilé náà. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 ló gbé e lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́: àfikún kẹrin òfin náà ní káńsù ni yóò díyelé ilé aládàáni kí wọ́n lè bu owó lé e, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ni yóò sì sọ irú owó tí wọ́n lè bù. Òfin 1998 tó to gbogbo owó tí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti káńsù lè gbà lẹ́sẹẹsẹ náà kọ tẹ́nẹ́mẹ́ǹtì sí abẹ́ káńsù. Lọ́dọ̀ wa, káńsù mẹ́sàn-án lọ̀rọ̀ kàn: Ìjẹ̀bú-Òde, Ìjẹ̀bú North tó jókòó sí Ìjẹ̀bú-Igbó, Ìjẹ̀bú North East ní Àtàn, Ìjẹ̀bú East ní Ògbèrè, Odògbólú, Ogun Waterside ní Abigi, Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́, àti Rẹ́mọ North ní Ìṣarà.

Ẹjọ́ kan wà tó yẹ kí gbogbo onílé mọ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Kano gbé iṣẹ́ dídíyelé ilé fún ilé-iṣẹ́ Knight Frank & Rutley, ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ wá dá ìjà sílẹ̀, ó sì dé ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ. Ní 1998, àwọn adájọ́ níbẹ̀ sọ pé káńsù ni òfin gbé iṣẹ́ yẹn lé lọ́wọ́, àdéhùn tí ìpínlẹ̀ bá aládìíyelé náà ṣe kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ohun tí èyí já sí lẹ́nu ọ̀nà wa ni pé, tí ẹnì kan bá kan ilẹ̀kùn pẹ̀lú téèpù lọ́wọ́, tó ní kọ̀ǹsọ́táǹtì lòun, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó béèrè ni lẹ́tà tí káńsù yín fi rán an, tó ní orúkọ rẹ̀, àwòrán rẹ̀ àti déètì. Bí lẹ́tà náà bá ti ibòmíràn wá, ẹ dá a padà pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀.

Kí a tó fọwọ́ kan ìṣirò, ẹ jẹ́ ká yọ àwọn owó tí kì í ṣe tẹ́nẹ́mẹ́ǹtì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tó ní C of O, ìwé àṣẹ ilẹ̀ tí ìpínlẹ̀ ń fúnni, máa ń san owó ilẹ̀ lọ́dọọdún fún ìpínlẹ̀. Orí ilẹ̀ nìyẹn wà, kì í ṣe orí ilé tó dúró lé e. Ní ìgbèríko, òfin ilẹ̀ ti 1978 fún káńsù láṣẹ láti fúnni ní ẹ̀tọ́ ìlò ilẹ̀ ní ìlànà ìbílẹ̀, owó tó jẹ mọ́ ìyẹn sì jẹ́ ti káńsù. Ẹni tó san owó ilẹ̀ tó tún san tẹ́nẹ́mẹ́ǹtì kò san owó kan lẹ́ẹ̀mejì. Ní Èkó ọ̀rọ̀ yàtọ̀: láti 2001 ni wọ́n ti kó owó orí ilẹ̀ àti orí ilé jọ sínú bíìlì kan, Land Use Charge. Àwọn tó ń gbé Èkó tí wọ́n kọ́lé sí Símáwà tàbí Òde Rẹ́mọ sábà máa ń fi ojú bíìlì Èkó wo ti ilé, wọn a sì rò pé wọ́n ń rẹ́ àwọn jẹ nígbà tí ìwé méjì bá dé. Owó tí CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, dá fún tìràǹsífọ́mà, owó tí ọmọ onílẹ̀ gbà kí ìpìlẹ̀ tó jáde, owó rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ fún Ojúde Ọba: kò sí ìkankan nínú wọn tó jẹ́ owó-orí, rísíìtì wọn kò sì lè dúró fún ti káńsù.

Bí wọ́n ṣe ń dé orí iye tó wà lórí bíìlì nìyí. Adíyelé á béèrè pé, tí wọ́n bá gbé ilé yìí fún ayálégbé lónìí, rẹ́ǹtì eélòó ni yóò mú wá lọ́dún kan? Kò kan bóyá onílé fúnra rẹ̀ ló ń gbé inú rẹ̀. Iye tí àlejò yóò san ni wọ́n ń wá. Wọn a yọ ìdá kan kúrò nínú rẹ́ǹtì yẹn fún àtúnṣe àti ìnáwó ilé. Ohun tó kù lẹ́yìn àyọkúrò ni wọ́n ń bu owó lé, kọ́bọ̀ báyìí lórí náírà kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí káńsù ṣe kéde rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà tó rọrùn ṣe àpẹẹrẹ. Búńgálò oníyàrá mẹ́ta kan wà ní abúlé, ó lè mú ₦180,000 wá lọ́dún. Ẹ yọ ìdá kan nínú márùn-ún fún àtúnṣe, ìyẹn ₦36,000, ó ku ₦144,000. Tí káńsù bá ń gba kọ́bọ̀ 5 lórí náírà, bíìlì náà jẹ́ ₦7,200. Nọ́ńbà mẹ́ta péré ló bí i: rẹ́ǹtì, àyọkúrò, kọ́bọ̀. Ìwé tí kò bá kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ lọ sí ẹ̀ka tó ń gba owó-wíwọlé ní káńsù kí wọ́n kọ ọ́ fún yín. Àyọkúrò àti kọ́bọ̀ wà nínú òfin àti ìkéde wọn. Wọn kì í ṣe ohun tí akọ̀wé kan lè fi orí ara rẹ̀ pinnu lójú yín. Ohun tó ń wá láti orí ẹni tó díyelé ni rẹ́ǹtì, ibẹ̀ sì ni ọ̀ràn wà.

Ní Ìlíṣàn, lẹ́bàá Yunifásítì Babcock, tàbí ní Àgọ́-Ìwòyè tí Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà, ẹ̀rí rẹ́ǹtì pọ̀ bí iyanrìn. Ọmọ ilé-ìwé ń wọlé, òmíràn ń jáde lọ́dọọdún, ẹnikẹ́ni ló lè sọ iye tí yàrá kan ń lọ. Adíyelé tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò ní ṣì púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jáde kúrò níbẹ̀ lọ sí abúlé tó wà lẹ́yìn Àtàn, tàbí oko tó wà lágbègbè Ìlárá. Ta ló ń gba ilé níbẹ̀? Olùkọ́ méjì, nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìtọ́jú, bóyá ẹni tó ń ṣe páànù. Ìyókù ń gbé ilé bàbá wọn. Ilé ńlá tí ọmọ abúlé kan kọ́ láti Èkó wà ní títì títí di Ìléyá tàbí Kérésìmesì. Adíyelé tí kò rí rẹ́ǹtì abúlé a wá lọ yá ti Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣàgámù lò. Ẹ gbé rẹ́ǹtì ₦450,000 ti ìlú lé orí búńgálò tí a fi ṣe àpẹẹrẹ lẹ́ẹ̀kan: lẹ́yìn àyọkúrò ó ku ₦360,000, bíìlì á di ₦18,000. Òfin kò yí padà, kọ́bọ̀ kò yí padà, ilé kò fi yàrá kan kún un. Rẹ́ǹtì àyálò nìkan ló fi ₦10,800 lé e.

Àṣìṣe kejì tó jọ èyí ni pé wọ́n ń fi iye tí ilẹ̀ ń lọ díwọ̀n iye tí ilé ń mú wá. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ pápákọ̀ òfuurufú sáàárín Ìlíṣàn àti Ìpẹru, ẹni tó ní púlọ́ọ̀tì nítòsí ibẹ̀ ti ń retí owó ńlá. Àmọ́ ẹni tó ń ra ilẹ̀ ń ra ọjọ́ iwájú. Ẹni tó ń gba ilé ń san ohun tí apá rẹ̀ ká lónìí. Ilẹ̀ lè di ìlọ́po mẹ́ta kí rẹ́ǹtì yàrá àti pálọ̀ tó wà lórí rẹ̀ má sún rárá. Tí adíyelé bá ń sọ̀rọ̀ iye tí wọ́n ta ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ yín, ẹ dá a padà sórí rẹ́ǹtì.

Nítorí náà ìbéèrè tó ń ṣiṣẹ́ jù, tó sì yẹ kí ẹ kọ sílẹ̀ kí ẹ tó lọ sí káńsù, ni: "Ilé wo lẹ fi díwọ̀n tèmi?" Ẹni tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa yóò dárúkọ ilé méjì tàbí mẹ́ta, àdúgbò wọn àti rẹ́ǹtì wọn. Ẹni tó bá ní "bó ṣe rí káàkiri nìyẹn" kò díwọ̀n nǹkan kan.

Ibi tí rẹ́ǹtì kò bá sí rárá, ọ̀nà mìíràn wà tó tọ́: kí wọ́n ṣírò iye tí yóò ná ènìyàn láti kọ́ irú ilé náà lónìí, kí wọ́n yọ ohun tí ọjọ́ orí ti jẹ lára rẹ̀, kí wọ́n sì mú ìdá kékeré kan nínú èyí tó kù bíi rẹ́ǹtì ọdún kan. Ọ̀nà yìí dára fún abúlé, àwa fẹ́ràn rẹ̀ ju rẹ́ǹtì àyálò lọ, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀. Púlọ́ọ̀tì kan lọ́dọ̀ wa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120. Mítà 18 sí 36 ni wọ́n máa ń kọ, ìyẹn mítà onígun mẹ́rin 648. Ilé tó jẹ́ mítà 12 sí 9 kò ju 108 lọ. Tí ẹni tó wá wọn ilé bá dúró lẹ́nu géètì, tó wo fẹ́ǹsì yíká, tó kọ 648 sí ibi tó yẹ kó kọ 108, ilé yín ti di ìlọ́po mẹ́fà. Ẹ gbà pé mítà onígun mẹ́rin kan ń ná ₦100,000 láti kọ́, pé ọjọ́ orí ti jẹ ìdá 40 nínú 100, pé wọ́n sì mú ìdá 3 nínú 100 bíi rẹ́ǹtì. Pẹ̀lú 108, rẹ́ǹtì jẹ́ ₦194,400. Pẹ̀lú 648, ó di ₦1,166,400. Nọ́ńbà àpẹẹrẹ nìyẹn, kì í ṣe iye ọjà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí àṣìṣe ń gbà wọlé nìyẹn gan-an. Ẹ fi téèpù yín wọn ìta ògiri ilé, gígùn àti ìbú, kí ẹ sì kọ ọ́ sẹ́yìn bíìlì.

Ẹ ṣọ́ ilé alámọ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ilé àgbà ní Ìjẹ̀bú jẹ́ amọ̀ nínú, sìmẹ́ǹtì lóde. Wọ́n rẹ́ ẹ, wọ́n kùn ún, wọ́n fi páànù tuntun bò ó, ẹni tó bá kọjá lórí ọ̀kadà á pè é ní ilé búlọ́ọ̀kù. Ilé amọ̀ ọdún 60 àti ilé búlọ́ọ̀kù ọdún 10 kò lè ní àyọkúrò ọjọ́ orí kan náà. Àmì tó ń tú u fó ni sísanra ògiri lẹ́bàá fèrèsé: ògiri amọ̀ máa ń nípọn ju búlọ́ọ̀kù ínǹṣì 9 lọ dáadáa. Ẹ mú adíyelé dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ilé ìdáná tó dá dúró lẹ́yìn ilé, ilé adìyẹ, àti ilé tí kò tíì ní òrùlé tún wà lára ohun tí wọ́n máa ń kà mọ́ yàrá ìgbé. Ilé tí kò tíì ṣeé gbé kò lè mú rẹ́ǹtì wá; ẹ jẹ́ kí ìwé wọn sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilé tí kò yẹ kó san rárá kò gba àkókò. Ilé ìjọsìn, ibojì, ilé-ìwé tí kì í ṣe fún èrè, àti ààfin ọba wà lára ohun tí òfin irú owó yìí sábà máa ń yọ sílẹ̀. Ohun tó ń fa ìjà ni ilé tó ní ojú méjì: ṣọ́ọ̀ṣì tó ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin níwájú, tàbí ilé àlùfáà tí wọ́n fi yàrá kan háyà. Apá tó ń mú owó wọlé ni wọn yóò bu owó lé, ẹ má fi gbogbo rẹ̀ bẹ̀bẹ̀.

Ilé ẹbí ni ibi tí iṣẹ́ yìí ti kùnà jù lójú wa, ẹ̀bi náà sì pín sí méjì. Bíìlì a máa dé ní orúkọ bàbá tó ti kú láti ogún ọdún. Ọmọ mẹ́jọ ló jogún ilé, mẹ́ta wà ní Èkó, ọ̀kan wà ní òkè òkun, àbúrò kan ló ń gbé inú rẹ̀. Bíìlì dé ọwọ́ ẹni tó ń gbé ibẹ̀, òun náà ní kì í ṣe tòun nìkan, ó fi sí abẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà gbèsè ti gorí ara wọn. Káńsù lè dín èyí kù tí wọ́n bá ń fi àyè sílẹ̀ lórí bíìlì fún orúkọ olórí ẹbí àti nọ́ńbà fóònù kan. Ẹbí náà ní tiwọn láti ṣe: kí wọ́n kọ lẹ́tà sí káńsù, kí olórí ẹbí àti ọmọ méjì ó kéré tán fọwọ́ sí i, pé kí wọ́n yí orúkọ padà sí "Ẹbí Lágbájá", kí wọ́n sì dárúkọ ẹnì kan tí bíìlì yóò máa dé ọwọ́ rẹ̀. Yíyí orúkọ sórí bíìlì kò sọ ilé di ti ẹni tó ń gba bíìlì. Ẹ kọ gbólóhùn yẹn sínú lẹ́tà, nítorí ibẹ̀rù yẹn ló ń mú kí àwọn ọmọ ìyàwó kejì kọ̀ láti fọwọ́ sí i.

Ẹ wo bí ìwé kan náà ṣe rí níbòmíràn. Ní ìgbèríko Georgia ní Amẹ́ríkà, káúntì, ìyẹn irú káńsù tiwọn, máa ń kọ́kọ́ fi ìwé ìdíyelé ránṣẹ́ kí bíìlì tó dé. Lórí rẹ̀, iye tí ilé tó lọ́jà wà, ìdá 40 nínú 100 rẹ̀ tí wọ́n ń bu owó lé wà, ó sì sọ pé ọjọ́ 45 ni onílé ní láti takò ó. Ilé $200,000 á di $80,000. Tí owó náà bá jẹ́ míìlì 30, ìyẹn dọ́là 30 lórí dọ́là 1,000 kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́ $2,400. Bíìlì fúnra rẹ̀ sì máa ń ya ti ilé-ìwé sọ́tọ̀ kúrò lára ti káúntì. Ẹni tó ń gbé inú ilé ara rẹ̀ lè béèrè ẹ̀dínwó, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ béèrè fúnra rẹ̀, wọn kò ní gbé e wá bá a. Ní Texas, May 15 tàbí ọjọ́ 30 lẹ́yìn tí ìwé bá dé, èyí tó bá pẹ́ jù nínú méjèèjì, ni òpin àtakò. Owó tiwọn wúwo ju tiwa lọ fíìfíì, ẹni tí kò bá san án lè pàdánù ilé. Ṣùgbọ́n ìwé wọn ni a ń sọ: nọ́ńbà tó bí iye ìkẹyìn wà lórí rẹ̀, ọjọ́ àtakò sì wà lórí rẹ̀. Kò ná káńsù ju ìlà mẹ́rin lọ láti tẹ ohun kan náà sórí bíìlì Ìṣarà tàbí Ògbèrè. Títí wọn yóò fi ṣe é, máàkì 2 nínú 5 la lè fún ìwé náà.

Sísan owó ni apá tó dáa jù, tí ẹ bá rìn ín bó ṣe yẹ. Àkáǹtì tí ẹ ó san án sí gbọ́dọ̀ jẹ́ ti káńsù, kó sì jẹ́ èyí tí wọ́n tẹ̀ sórí bíìlì. Àkáǹtì orúkọ ènìyàn, tàbí nọ́ńbà tí wọ́n fi bírò kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, ẹ má san kọ́bọ̀ sí i. Tí ẹ bá ti san án ní bánkì, iṣẹ́ ṣì ku ìdajì: ẹ gbé ìwé bánkì lọ sọ́dọ̀ akápò káńsù kó fún yín ní rísíìtì ìjọba. Nǹkan mẹ́rin ni kí ẹ wò kí ẹ tó kúrò lẹ́nu fèrèsé: nọ́ńbà ilé, ọdún tí owó wà fún, iye ní nọ́ńbà àti ní ọ̀rọ̀, àti òǹtẹ̀. Ọdún ni wọ́n máa ń gbàgbé jù. Rísíìtì tí kò sọ ọdún, ọdún tó bá wu agbowó ni yóò sọ pé ó wà fún. Òfin 1998 kan náà kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti fi igi dínà nítorí owó-orí, nítorí náà ẹni tó bá ní kí ẹ san tẹ́nẹ́mẹ́ǹtì lójú títì kì í ṣe aṣojú òfin. Bí wọ́n bá sì halẹ̀ pé wọn yóò ti ilẹ̀kùn, ẹ ní kí wọ́n fi àṣẹ ilé-ẹjọ́ hàn yín.

Ẹni tó gbé ilé fún ayálégbé ní nǹkan méjì mìíràn láti mọ̀. Kí ìwé àdéhùn sọ ẹni tí yóò san tẹ́nẹ́mẹ́ǹtì. Tí kò bá sọ ọ́, ìjà ni yóò dà ní ọjọ́ tí ayálégbé bá ń kó jáde. Èkejì tuntun: láti January 2026, òfin owó-orí tuntun jẹ́ kí òṣìṣẹ́ tó ń gba ilé yọ ìdá 20 nínú 100 rẹ́ǹtì rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó ṣírò owó-orí rẹ̀, kó má ṣáà ju ₦500,000 lọ. Olùkọ́ tó wà nílé yín yóò béèrè rísíìtì rẹ́ǹtì nísinsìnyí, ó sì yẹ kí ẹ kọ iye òtítọ́ sí i, torí ìwé yẹn kan náà ni ẹ̀rí tó lágbára jù tí ẹ óò fi bá adíyelé sọ̀rọ̀.

Tí iye náà bá ga ju bó ṣe yẹ, àtakò ṣeé ṣe, ọ̀nà rẹ̀ kò sì le. Ìwé ìdíyelé gbogbo àdúgbò wà fún onílé láti wò kí ó tó fìdí múlẹ̀. Ẹ béèrè rẹ̀, ẹ wo iye tí wọ́n kọ fún ilé tó jọ tiyín. Ẹ kọ lẹ́tà ojú-ewé kan sí alága káńsù, kí ẹ fi ẹ̀ka ìdíyelé sí i. Ẹ sọ nọ́ńbà ilé, iye tí wọ́n kọ, iye tí ẹ gbà pé ó tọ́, àti ìdí rẹ̀. Ẹ so mọ́ ọn: ẹ̀dà bíìlì, ìwọ̀n ilé tí ẹ fi téèpù wọ̀n, fọ́tò iwájú, ẹ̀yìn àti òrùlé, àti ẹ̀dà rísíìtì rẹ́ǹtì ilé méjì tàbí mẹ́ta tó jọ tiyín ní abúlé kan náà. Ẹ gbé ẹ̀dà méjì lọ; kí wọ́n lu ọ̀kan ní òǹtẹ̀ pẹ̀lú déètì, kí ẹ mú un padà sílé. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, ẹ kò kọ ọ́. Àtakò tó máa ń ṣubú ni èyí tó ń ráhùn pé nǹkan wọ́n, pé epo gbówó lórí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n adíyelé kò lè fi ìyẹn yí nọ́ńbà padà. Èyí tó ń dúró ni "ẹ kọ 648, 108 ni", tàbí "rẹ́ǹtì Ìjẹ̀bú-Òde lẹ lò, rẹ́ǹtì abúlé wa rèé". Ẹ san apá tí ẹ kò jiyàn lé lórí nígbà tí ẹ bá ń dúró de èsì, kí gbèsè má bàa máa gun orí àtakò.

Fún àwọn tí kò sí nílé, ẹ yan ènìyàn kan kó máa ya fọ́tò bíìlì ránṣẹ́ ní ọjọ́ tó bá dé, torí ọjọ́ tó dé ni ọjọ́ àtakò ti ń kà. Tí gbèsè ọdún púpọ̀ bá ti wà nílẹ̀, ẹ béèrè ìṣirò ọdún kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí ìlérí kankan. Rísíìtì àtijọ́ kan lè pa ọdún kan rẹ́ nínú rẹ̀. Rísíìtì tí ẹ̀rọ POS tẹ̀ máa ń ṣá, láàárín oṣù díẹ̀ ó lè di bébà funfun. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ ṣe fọ́tókọ́pì, ẹ kọ nọ́ńbà ilé àti ọdún sí ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú bírò, kí ẹ fi í sínú fáìlì kan náà pẹ̀lú ìwé ilẹ̀.